Ọkọ mi ní kí n lu ìdí kóńgò mi, ẹ̀yin ará nínú Olúwa ẹ bá mi dá sí i

ÌyáOnírẹsì_ỌjàỌba:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìsọ nǹkan kan, àmọ́ èyí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn mọ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá.

Ẹni tó bá ń ra ìrẹsì á ti mọ̀ pé kóńgò la fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kan máa ń dojú kóńgò bolẹ̀, wọ́n á fi òòlù lu ìdí ẹ̀ títí á fi wọnú, tẹ́ ẹ bá wá wo òkè ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bu ìrẹsì sí i, ó kún, ó tún ga ṣónṣó, àmọ́ inú ẹ̀ ti dín. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àpò tí mo gbé kẹ́yìn, 80,000 náírà ni. Kóńgò tèmi tí ìdí ẹ̀ tẹ́jú, 33 ni mo máa ń rí wọ̀n nínú àpò kan. Mo ń ta ọ̀kan ní 2,600, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 85,800, èrè 5,800 kí n tó yọ owó alábàárù, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọ̀rá. Ẹni tó lu ìdí tiẹ̀ á rí 36. Á tà á ní 2,500, àwọn kọ́sítọ́mà á máa sọ pé tiẹ̀ ló pọ́ọ́kú, á pa 90,000, èrè 10,000. Ó tà jù mí lọ, ó jèrè jù mí lọ, èmi ni wọ́n tún ń sọ pé ọjà mi wọ́n!

Wọ́n dá ọkọ mi dúró níbi iṣẹ́ ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọmọ wa obìnrin wà ní póólì, a ṣì jẹ 70,000 nínú owó ilé-ìwé ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, ọkọ mi gbé òòlù kalẹ̀ síwájú mi, kò pariwo o, ó kàn ní, "Ìyá ọmọ mi, gbogbo ọjà ló ń ṣe é, Ọlọ́run rí ohun tí ojú wa ń rí." Mo gbé kóńgò yẹn lé itan, mo ń fọwọ́ pa ìdí ẹ̀, mi ò lè lù ú, mi ò sì rí nǹkan kan sọ fún un.

Mo mọ Òwe 11 ẹsẹ kìíní, pé òṣùwọ̀n èké ìríra ni lójú Olúwa. Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé nígbà ìkórè wa, ẹni tí èmi àti Ọlọ́run mọ kóńgò ẹ̀ ni wọ́n pè síwájú tí wọ́n ní ká wá wo ẹni tí Olúwa bù kún, wọ́n ń da omi àdúrà sí i lórí, èmi wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n ń to àga sí. Ọrọ̀ ẹ̀mí tí à ń wí ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí, kí ni gan-an? Ṣé ó lè san owó ilé-ìwé ni, àbí orí kunkun mi ni mò ń fi ṣe ọmọ mi léṣe?

Aláṣeyọrí_NínúJésù:
Mọ̀mí, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi, ẹ má bínú. Kristẹni ilẹ̀ wa ti fẹ́ràn láti máa fi ìṣẹ́ ṣe ìwà mímọ́ jù. Owó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìfẹ́ owó ni Pọ́ọ̀lù pè ní gbòǹgbò ohun búburú nínú 1 Tímótì 6:10. Ábúráhámù lówó, Jóòbù lówó, Hágáì 2:8 ní ti Olúwa ni fàdákà, tiẹ̀ sì ni wúrà. Ta ló máa kọ́ ilé ìjọsìn tí gbogbo wa bá tòṣì? Ẹ má lu ìdí kóńgò o, mi ò ní kẹ́ ẹ lù ú, àmọ́ ẹ fi owó irúgbìn tó máa dun ẹ̀yin gan-an lulẹ̀, kẹ́ ẹ gbààwẹ̀ lé e lórí, ẹ ó rí i pé ilẹ̀kùn á ṣí.

Káfíńtà_ÒkèFìà:
Bọ̀dá Aláṣeyọrí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyá tó jẹ 70,000 pé kó lọ gbé owó míì fún ẹnì kankan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń bi wá.

Mọ̀mí, èmi náà lu ìdí kóńgò, ti pákó ni tèmi. Àga ìjókòó ni mò ń ṣe. Tí a bá ti bo fóòmù àti aṣọ lé àga, ta ló máa mọ irú igi tó wà nínú ẹ̀? Mo ń gbowó igi tó dáa lọ́wọ́ èèyàn, igi ayùnrẹ́ ni mò ń kàn sínú ẹ̀, èyí tí kòkòrò kì í pẹ́ wọ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é, mo ra ọ̀kadà, mo gba ṣọ́ọ̀bù kejì, mo sì ń dá ìdámẹ́wàá mi pé pérépéré o, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ìdámẹ́wàá owó ayùnrẹ́! Lọ́jọ́ kan mo lọ gbowó tó kù lọ́wọ́ ìyá opó kan, ìyá yẹn ní kí n jókòó, ó gbé omi fún mi, mo wá rí i pé mi ò fẹ́ fìdí lé àga tí èmi fúnra mi ṣe. Mo nàró mu omi yẹn. Ó ní, "Ọmọ mi, jókòó nà," mo ní mò ń kánjú.

Ohun tí mo mọ̀ pé mo ti pàdánù nìyẹn. Owó wà lápò mi, mi ò lè jókòó lórí àga mi. Mo ka Lúùkù 19 lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Sákéù ò sọ pé òun á kàn máa gbàdúrà, ó ní òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Èmi ò lágbára ìlọ́po mẹ́rin, àmọ́ mo lọ gbé àga ìyá yẹn, mo tú u, mo fi igi àfàrà kàn án, mo tún gbé e lọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti ṣe ti èèyàn mẹ́rin báyẹn, mo ta ọ̀kadà torí ẹ̀. Ó ṣì ku àwọn kan tí mi ò rí mọ́, wọ́n ti kó lọ, ìyẹn ṣì ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ má lù ú Mọ̀mí. Ó rọrùn láti lù ú wọnú, àmọ́ ẹ ò lè lù ú jáde kó tún tẹ́jú bíi tàtẹ̀yìnwá, ẹ bi ẹni tó bá ti gbìyànjú ẹ̀ rí.

FóònùDókítà_Ọláìyá:
Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, fóònù ni mò ń tún ṣe lápá Ọláìyá. Ẹnì kan tá a jọ kàwé gbé fóònù mẹ́ta wá bá mi lóṣù tó kọjá, ó ní kí n bá òun ṣí wọn, òun á fún mi ní 150,000. Ẹ wo fóònù, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe tiẹ̀, fọ́tò ìyá àgbà kan pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ ló wà lójú ọ̀kan. Mo ní mi ò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ bá ẹlòmíì, wọ́n ṣe é. Ó ń wa mọ́tò báyìí, ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n gbé máìkì fún un kó jẹ́rìí.

Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ̀yin àgbà nìyí o, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Lẹ́yìn tí mo kọ̀ ọ́, inú mi ò dùn. Àwọn èèyàn máa ń ní téèyàn bá ṣe rere ọkàn ẹ̀ á balẹ̀, èmi ò rí ìbàlẹ̀ ọkàn kankan, ńṣe ni mò ń ṣírò ohun tí 150,000 ì bá ti rà. Mo kábàámọ̀ ẹ̀, òótọ́ ni mò ń sọ. Ṣé ìyẹn ni pé mi ò lọ́rọ̀ ẹ̀mí kankan nìyẹn?

BàbáTísà_Àyétòrò:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran lórí fóònù mọ́, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, mo ń sọ ọ́ ó ń kọ ọ́, tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe ẹ fojú fò ó.

Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn. Pọ́ọ̀lù sọ nínú Fílípì 4:11 pé òun ti kọ́ láti ní ìtẹ́lọ́rùn. Ó ní òun KỌ́ ọ. Wọn ò bí i mọ́ ọn, kò sì bọ́ lù ú lọ́jọ́ tó gba Jésù. Inú ẹ̀wọ̀n ló sì ti kọ ìwé yẹn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ máa ń nira níbẹ̀rẹ̀, ṣé ìgbà tí o kọ́kọ́ di ọ̀bẹ fóònù mú, ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n ni? Ọkàn rẹ dùn ọ́, síbẹ̀ o ò ṣí fóònù ìyá àgbà yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ ti dé ibi tí ọkàn rẹ ò tíì dé, má dààmú, ọkàn á bá ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá, oníwàásù ìjọ CAC tó ń fi àdúrà wo aláìsàn, torí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó oṣù ni. Gbogbo wa ń sọ ti ìyanu tó ṣe, a kì í sọ ti iṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún ìjọba òyìnbó, owó oṣù ni wọ́n ń san fún un. Ẹ rò ó wò, ọdún 1928, ọmọ Yorùbá mélòó ló ń gbowó oṣù nídìí ẹ̀rọ? Iṣẹ́ tí gbogbo ìdílé á máa fi yangàn ni. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn, lójú ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkejì-Arákejì, ẹ̀rọ yẹn kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gbọ́ ohùn tó pè é. Ó fi iṣẹ́ òyìnbó sílẹ̀, ó mú agogo ìwàásù. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1930. Àárín ọdún méjì yẹn ni mo máa ń rò jù. Èrò ò tíì pọ̀ bíi ti Òkè-Ooyè, agogo àti àdúrà ni, ẹ̀rọ òyìnbó ti lọ. Ẹdẹ tó wà nítòsí wa níbí náà ló ti sùn lọ́dún 1959, kò sì sí ẹni tó jẹ́ bi í léèrè pé kí ló fi owó oṣù yẹn ṣe.

Ìyá onírẹsì, ẹ ò tíì kù sẹ́yìn. Ẹ ka Ìfihàn orí 2 àti 3. Ìjọ Símírínà, Olúwa sọ fún wọn pé, mo mọ òṣì yín, àmọ́ olówó ni yín. Ìjọ Laodékíà, wọ́n ní àwọn lówó, àwọn ò ṣaláìní nǹkan kan, Olúwa ní òtòṣì ni yín, afọ́jú ni yín. Laodékíà yìí lówó lóòótọ́ o, nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ wó o lulẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 60 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ìlú náà fi owó ara ẹ̀ tún ara ẹ̀ kọ́, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Róòmù. Irú ìlú yẹn ni ìjọ ibẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé a ò ṣaláìní. Ẹni tí wọ́n bá pè síwájú níbi ìkórè lè jẹ́ ará Laodékíà, ẹni tó jókòó lẹ́yìn níbi àga lè jẹ́ ará Símírínà, ojú wa ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Opó_Alékúwodò:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi náà fi tèmi kún un torí tá a bá dá ọ̀rọ̀ yìí dúró síbẹ̀ ó lè di ọfà lọ́wọ́ àwọn kan.

Nígbà tí ọkọ mi kú, ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀ sí mi lọ́wọ́, èyí tó kéré jù ò tíì já lẹ́nu ọmú. Àwọn ará wá kí mi, wọ́n jókòó, wọ́n kọrin, wọ́n ní, "Sísítà, ìṣúra yín ń bẹ lọ́run." Wọ́n lọ. Ìrẹsì ò sí nílé, gáàrì ò sí. Mo gbé omi kaná kí àwọn ọmọ lè rò pé oúnjẹ ń bọ̀, títí oorun fi gbé wọn lọ. Ẹ̀yin ará, ẹnu olówó ni ọ̀rọ̀ "ọrọ̀ ẹ̀mí ló ṣe pàtàkì" ti máa ń rọrùn jù. Jákọ́bù orí 2 ti sọ ọ́, tí arákùnrin kan ò bá láṣọ, tí ebi ń pa á, tẹ́ ẹ ní "máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ móoru, kó o sì yó", tẹ́ ẹ ò fún un ní nǹkan kan, èrè kí ló wà ńbẹ̀?

Ẹnì kan wá lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ. Kì í ṣe olówó, ẹ̀kọ ló ń tà. Ó gbé ẹ̀kọ ogún àti mọ́ínmọ́ín wá nínú agbọ̀n, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kàn kan ilẹ̀kùn ó sì ń lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni mo rí. Oṣù márùn-ún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò jẹ́rìí ẹ̀ níbì kankan. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ọrọ̀ ẹ̀mí, ẹ̀yìn obìnrin yẹn tó ń lọ nínú òkùnkùn ni mo máa ń rí.

Ìyá onírẹsì, àdúrà tó bá yín mu wà nínú Òwe orí 30, ẹsẹ 8 àti 9: má fún mi ní òṣì, má fún mi ní ọrọ̀, kí n má baà yó kí n sì sẹ́ ọ, kí n má baà tòṣì kí n sì jalè. Ẹni tó gbàdúrà yẹn mọ̀ pé ìṣẹ́ náà lè mú èèyàn lu kóńgò. Ẹ má bínú sí ọkọ yín. Ẹ̀rù ló ń bà á.

ÌyáOnírẹsì_ỌjàỌba:
Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń ka tiyín, Opó. Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀rù ló ń bà á lóòótọ́, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ ba ìgbàgbọ́ mi jẹ́.

Àbúrò mi tó ń tún fóònù ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Ọdún kan wà tí ìrẹsì ń wọ́n lójoojúmọ́, mo gbọ́n ọgbọ́n ẹlẹ́ran ara, mo kó àpò mẹ́fà pa mọ́ sínú yàrá, mo ní kó wọ́n sí i kí n tó tà á. Àwọn aládùúgbò ń bi mí pé ṣé ìrẹsì wà, mo ń sọ pé ó ti tán. Nígbà tí mo wá tú àpò àkọ́kọ́, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbóná lábẹ́, ó ń rìn! Kòkòrò dúdú kéékèèké, wọ́n ti jẹ ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú, mẹ́ta nínú mẹ́fà ló bà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wólẹ̀ síbẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti wà ní Sọ́ńdè Sùkúù ni mo ti mọ Mátíù 6:19, pé ká má to ìṣúra jọ síbi tí kòkòrò àti ìpáàrà ti ń bà á jẹ́, mo rò pé òwe lásán ni, àṣé ó lè rìn lọ́wọ́ èèyàn. Owó yẹn dùn mí, àmọ́ irọ́ tí mo pa fún ìyá ẹlẹ́kọ iwájú ilé wa tó ní kóńgò kan péré lòun fẹ́, ìyẹn ò tíì kúrò lára mi di báyìí. Nǹkan tí ẹ kọ̀ yẹn á dùn yín fúngbà díẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbà á ni, kò ní tán.

Aláṣeyọrí_NínúJésù:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ forí jì mí lórí ọ̀rọ̀ irúgbìn, mo yára sọ ọ́. Ẹni tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ fẹ́ràn mi, ó sì ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan le fún mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbà á gbọ́.

Síbẹ̀ mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ pátápátá o. Lúùkù 8:3 sọ pé Jòánà àti àwọn obìnrin míì ń fi ohun ìní wọn ṣe ìtọ́jú Olúwa. Jósẹ́fù ará Arimatíà lówó, ibojì tiẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Olúwa sí. Àwọn yẹn lówó, owó ò ní wọn. Mo ṣì ń gbàdúrà kí n lówó, mi ò ní parọ́. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ irú ti Jòánà.

BàbáTísà_Àyétòrò:
O káre, ọmọ mi. Mámónì ni Olúwa pè é nínú Mátíù 6:24, bí ẹni ń pe orúkọ ọ̀gá. Owó fẹ́ jẹ́ ọ̀gá ni. Àwọn tó o dárúkọ yẹn rán an níṣẹ́, ó sì lọ.

ÌyàwóOlùṣọ́:
Mo ti fẹ́ máa kàn kà á lásán, àmọ́ ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́. Nínú ìjọ tiwa náà, a máa ń pe iye owó níbi ìkórè: "Àwọn ẹlẹ́gbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ẹ bọ́ síwájú, ẹlẹ́gbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta." Ní ọdún tó kọjá ìyá arúgbó kan tó máa ń gbá ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì di igba náírà mọ́wọ́, ó dúró dúró, wọn ò pe iye tiẹ̀, ó jókòó padà pẹ̀lú owó yẹn lọ́wọ́. Mo rí i láti iwájú tí mo jókòó sí, mi ò dìde. Máàkù orí 12 ni ọkọ mi fi wàásù lọ́jọ́ Sọ́ńdè kejì, opó tó fi owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí, mi ò lè gbójú sókè. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ní lọ́dún yìí àpótí la máa gbé sí ẹnu ọ̀nà, kò sí pípe iye. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń kùn pé owó á dín. Ó lè dín lóòótọ́. Ẹ bá wa gbàdúrà kí ọkọ mi má yẹ̀ ẹ́.

Káfíńtà_ÒkèFìà:
Àmín. Mọ̀mí Onírẹsì, mo ń ronú ohun tá a lè ṣe. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi kílò ta ọjà? Ẹ ra òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi kọ́, irú èyí tí àwọn tó ń ta ẹja tútù ń lò, ẹ máa fi han kọ́sítọ́mà ohun tí kóńgò yín gbé. Ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n fi pákó ṣe pátákó kékeré kan fún yín tẹ́ ẹ máa kọ kílò sí, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Opó_Alékúwodò:
Èyí dáa gan-an. Mo fẹ́ ra kóńgò mẹ́rin ní Sátidé, ẹ bá mi pa á mọ́. Kí ẹni tó bá wà nítòsí Ọjà Ọba náà lọ rà níbẹ̀, kó má jẹ́ orin nìkan la máa kọ fún un kí kálukú tó lọ.

ÌyáOnírẹsì_ỌjàỌba:
Ẹ̀yin ará mi, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n wá jábọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ Opó, mo lọ bá ọkọ mi lẹ́yìnkùlé, mi ò gbé Bíbélì dání. Mo ní mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní nǹkan tó ń dun òun ni pé òun máa ń wo ọmọ lójú tó bá ti ń jáde lọ sí ilé-ìwé, òun ò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ tóun lè fún un. A jọ sunkún díẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún rí láti ọdún tá a ti fẹ́ra.

Mo ra òṣùwọ̀n náà, àlòkù ni. Ní ọjọ́ kejì ìyá olóúnjẹ kan tó ti fi mí sílẹ̀ wá ń kọjá, ìrẹsì tó rà níbòmíì wà nínú báàgì ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká jọ gbé e kọ́. Kóńgò kan ibẹ̀ ò pé kílò kan ààbọ̀, kò tiẹ̀ pé 1.4. Mo wọn tèmi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó gbé kílò kan ààbọ̀ ó tún lé díẹ̀. Ìyá yẹn kàn ń wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó ní kí n wọn ààbọ̀ àpò fóun. Ó ti padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Opó wá bó ṣe ṣèlérí, àwọn méjì míì wá tí wọn ò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ọjà ò tíì yí padà bí mo ṣe fẹ́ o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Àwọn kan wo òṣùwọ̀n, wọ́n ṣì lọ ra ti 2,500. A ti san 25,000 nínú owó ilé-ìwé, 45,000 ló kù, wọ́n sì ti fún wa di òpin oṣù. Aládùúgbò mi kan lọ́jà kì í kí mi mọ́.

Ọkọ mi ló ń tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù báyìí, òun ló ń bá mi gbé àpò kí n má san owó alábàárù. Òun náà ló kan ìṣó tá a fi òṣùwọ̀n kọ́ mọ́ òpó iwájú ṣọ́ọ̀bù, òòlù yẹn gan-an ló fi kàn án. Ó ń kàn án, mo di àkàbà mú fún un, kò wojú mi, ó kàn ní, "Ṣé ó dúró dáadáa?" Mo ní ó dúró.

Káfíńtà, pátákó yẹn, ẹ bá wa gbé e wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà kí àwọn arúgbó lè rí i kà. Mo ti ń gbọ́ tí ọkọ mi ń pè mí, ó ti ṣílẹ̀kùn.